Ìwádìí ni àbí klíníìkì àkànṣe? Ọdún kejì mi nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn làkúrègbé ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Oríkèé_Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ àkànṣe lórí ìṣègùn làkúrègbé. Ọdún náà le, ṣùgbọ́n ó yé mi: wọ́ọ̀dù ni àti klíníìkì gbogbogbòò. Wọ́n á pè mí, màá lọ, màá yẹ aláìsàn wò, màá kọ ohun tí mo rí, ọ̀gá mi á wá tún un yẹ̀ wò. Ọdún kejì yìí ni kò yé mi. Ọjọ́ méjì ààbọ̀ ló jẹ́ tèmi lọ́sẹ̀. Mo lè fi gbogbo rẹ̀ ṣe ìwádìí, mo sì lè fi lọ sí àwọn klíníìkì àkànṣe: ti lupus (níbi tí ara ti ń bá ara rẹ̀ jà), ti scleroderma (níbi tí awọ ti ń le), ti vasculitis (níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń wú), ti àwọn aláboyún, ti ultrasound, àti èyí tí àwa àti àwọn oníṣègùn ẹ̀dọ̀fóró jọ ń ṣe.

Alábòójútó mi ti fún mi ní àkòrí kan. Ó ní kí n tú fáìlì àwọn tó ní rheumatoid arthritis (làkúrègbé tí ara ń fi bá oríkèé ara rẹ̀ jà) láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, kí n wò ó bóyá àwọn tó ń gba oògùn biologic (abẹ́rẹ́ tó ń dín ìjà ara kù) ń kó àrùn tó ń gbé wọn dé wọ́ọ̀dù ju àwọn tó ń lo methotrexate, oògùn tí a máa ń kọ́kọ́ lò, nìkan lọ. Mo ti ka fáìlì ogójì. Kí n sọ òótọ́, ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó ti fáìlì, aláìsàn tí mi ò rí lọ́jọ́ náà ni mò ń rò. Mo ti ka scleroderma nínú ìwé títí, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni mo ti fi ọwọ́ ara mi kan awọ ẹni tó ní i.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá_Lúpù

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Mo ti wà nínú klíníìkì lupus fún ọdún púpọ̀, nítorí náà ibi tí mo dúró sí ni màá ti sọ̀rọ̀.

Má ṣe pín ọjọ́ méjì ààbọ̀ yẹn sí wẹ́wẹ́. Mo ti rí àwọn fellow (dókítà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe bíi tìrẹ) tó lọ sí klíníìkì mẹ́fà láàárín oṣù mẹ́fà. Wọ́n rí nǹkan púpọ̀, àmọ́ kò sí aláìsàn kan ṣoṣo tí wọ́n rí lẹ́ẹ̀mejì. Àìsàn tiwa kì í ṣe ohun tí èèyàn ń mọ̀ ní ìjókòó kan. Lupus lè sùn fún ọdún méjì kó tó dìde, ẹni tí kò sì mọ bó ṣe rí nígbà tó sùn kì í tètè fura nígbà tó bá ń jí. Yan klíníìkì kan, lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ọdún á fi pé, kí o sì jẹ́ kí ìbéèrè ìwádìí rẹ ti inú rẹ̀ jáde.

Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Obìnrin kan wá, ara rẹ̀ fúyẹ́, ó ń lo oògùn lupus tí à ń pè ní hydroxychloroquine, tábúlẹ́ẹ̀tì méjì lójúmọ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń lò ó. Láti ọdún 2016 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà ti sọ pé kí oògùn yìí má kọjá 5 mg lójúmọ́ fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí aláìsàn wọ̀n, kí ó má baà ba ẹ̀yìn ojú jẹ́ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: tábúlẹ́ẹ̀tì méjì ti 200 mg jẹ́ 400 mg. Ẹni tó máa lò ó lójoojúmọ́ láìkọjá ààlà gbọ́dọ̀ wọ̀n tó kìlógíráàmù 80. Obìnrin yìí kò ju 52 lọ. Nígbà tí mo wo fáìlì rẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, nígbà tí sitẹ́rọ́ìdì mú un sanra. Kò sẹ́ni tó tún un wọ̀n láti ìgbà náà.

Mo bá bi ara mi pé, àwọn mélòó ló wà bẹ́ẹ̀ nínú klíníìkì wa? Ìbéèrè yẹn kò nílò owó, kò nílò yàrá àyẹ̀wò. Ìwé kékeré kan àti ẹ̀rọ ìwọ̀n ara lẹ́nu ọ̀nà ló tó. Ìgbà tí a ti dín oògùn àwọn kan kù ni ìbéèrè gidi wá yọjú: ṣé lupus wọn kò ní torí ẹ̀ gbéra? Torí ohun tí ojú ń bẹ̀rù kọ́ ni kíndìnrín ń bẹ̀rù: ojú ń bẹ̀rù oògùn tó pọ̀ jù, kíndìnrín ń bẹ̀rù èyí tó kéré jù. Ìbéèrè kejì yìí ló di iṣẹ́ ìwádìí mi, ọkàn mi ò sì kúrò níbẹ̀ fún ọjọ́ kan, nítorí mo mọ ojú gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Dókítà_Àdáwà

Mo bọ̀wọ̀ fún Ìyá_Lúpù, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn tán.

Gbogbo wa kọ́ ló máa dúró sí ilé ìwòsàn ńlá. Èmi nìkan ni oníṣègùn làkúrègbé níbi tí mo wà báyìí. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, ìwádìí gba ọdún kejì mi pátá. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ dáadáa, ohun náà kò sì wọlé tọ̀ mí wá fún oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó wọlé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni bàbá kan tí orúnkún rẹ̀ wú, tó gbóná, tí kò lè tẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ó ti ní gout (àìsàn oríkèé tí kírísítà ń fà) tẹ́lẹ̀, nítorí náà gbogbo ènìyàn ti sọ pé gout ni. Mo fa omi inú oríkèé náà, mo rí kírísítà, ọkàn mi sì balẹ̀. Ẹ̀yìn ọjọ́ kejì ni yàrá àyẹ̀wò sọ pé kòkòrò bakitéríà hù nínú omi kan náà. Gout àti kòkòrò lè jọ wà nínú orúnkún kan. Rírí ọ̀kan kò lé èkejì jáde. Mo mọ̀ ọ́n nínú ìwé. Bí mo bá ti ń fa omi oríkèé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ọdún kejì mi ni, bàbá yẹn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn kòkòrò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó yè, ṣùgbọ́n orúnkún náà kò padà bọ̀ sípò.

Nítorí náà, lọ sí gbogbo klíníìkì tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún ọ. Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ mọ iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lè ṣe é lẹ́yìn náà.

Olùkọ́_Àná

Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo ṣì ń ka ohun tí ẹ ń kọ.

Dókítà_Àdáwà, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ dùn mí, mo sì gbà pé ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́. Àmọ́ rántí ibi tí ìmọ̀ kírísítà yẹn ti wá. Ní ọdún 1961, àwọn dókítà méjì, McCarty àti Hollander, gbé omi oríkèé àwọn alárùn gout sábẹ́ maikirosíkópù tó ní ìmọ́lẹ̀ polarized, wọ́n sì fi hàn pé kírísítà tó rí bí abẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wo omi oríkèé lọ ni wọ́n bá kan àwọn kan tí wọ́n rò pé gout ni wọ́n ní, tí kírísítà wọn kò hùwà bíi ti gout. Ibẹ̀ ni a ti wá mọ àìsàn kejì tí à ń pè ní pseudogout. Ta ló lè sọ fún mi ibi tí klíníìkì parí sí, tí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀, nínú iṣẹ́ yẹn?

Bákan náà ni ti dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Philip Hench. Ní 1929, ó kíyè sí i pé ara tu ẹnì kan tó ní rheumatoid arthritis nígbà tí ibà pọ́njú dé sí i. Ó tún rí i pé oyún máa ń mú kí oríkèé àwọn obìnrin kan sinmi. Kò gbàgbé rẹ̀. Ó pé ọdún mọ́kàndínlógún kí ó tó wá fún aláìsàn àkọ́kọ́ ní ohun tí a mọ̀ lónìí sí cortisone, irú sitẹ́rọ́ìdì kan, ní 1948. Ní 1950, òun àti àwọn olùwádìí méjì, Kendall àti Reichstein, gba ẹ̀bùn Nobel. Ẹni tó ń yípo láti klíníìkì kan sí òmíràn lóṣooṣù kò ní rí ohun tí Hench rí, nítorí kò ní mọ̀ pé oríkèé aláìsàn náà kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Oníṣirò_Ìlera

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti apá ibi tí mò ń jókòó. Èmi kì í ṣe dókítà, èmi ni wọ́n máa ń gbé dátà wá bá nígbà tí ó ti bàjẹ́.

Oríkèé_Tuntun, dá ọwọ́ dúró lórí fáìlì kọkànlélógójì. Ìbéèrè tí wọ́n fún ọ ní kòtò kan nínú. Ta ni wọ́n máa ń fún ní biologic? Ẹni tí methotrexate kò ràn lọ́wọ́ tó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ le jù, òun ni sitẹ́rọ́ìdì rẹ̀ pọ̀ jù, òun náà ló sì ṣeé ṣe kó ti ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró mọ́ ọn. Bí o bá wá kà á, tí o rí i pé àwọn oní-biologic ń dé wọ́ọ̀dù jù, kí lo rí? Ṣé oògùn ni, àbí ohun tó mú kí dókítà kọ oògùn náà? Àwa oníṣirò ń pè é ní confounding by indication. Nínú ẹ̀ka ìṣègùn tiyín, kò sí kòtò tí mo ń bá èèyàn nínú rẹ̀ tó o.

Èkejì wà tó tún farapamọ́ ju ìyẹn lọ. Ká ní o ka ẹnì kan sí oní-biologic láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ klíníìkì, tó sì jẹ́ pé ọdún méjì lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ọdún méjì yẹn, ó gbọ́dọ̀ wà láàyè, kó sì máa wá, kó tó lè dé orí oògùn rárá. O ti fún oògùn ní ọdún méjì àlàáfíà tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ á dára, irọ́ ni yóò sì jẹ́.

Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ó nílò fáìlì tó pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè fi ọwọ́ kà lọ, àti ẹni tó mọ ọ̀nà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Lọ bá alábòójútó rẹ, fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún un. Ọ̀gá tó dára á yọ̀ pé o rí i.

Oríkèé_Tuntun

Ẹ ṣeun púpọ̀. Oníṣirò_Ìlera, orí mi gbóná nígbà tí mo ka tiyín. Nínú fáìlì ogójì tí mo ti kà, ọjọ́ àkọ́kọ́ ní klíníìkì ni mo kọ fún gbogbo wọn.

Mo ní ìbéèrè mìíràn tó ń dà mí láàmú. Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan wá sí klíníìkì gbogbogbòò. ANA, ìyẹn antibody tó ń bá ara ẹni jà, wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, oríkèé rẹ̀ wú, irun rẹ̀ ń já, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ sì kéré. Mo ṣírò àmì rẹ̀, ìyẹn máàkì tí òfin lupus ọdún 2019 ń fún ohun kọ̀ọ̀kan tí a bá rí, ṣùgbọ́n oríkèé kan ṣoṣo ni mo rí pé ó wú lọ́jọ́ náà, n kò kà á. Àmì márùn-ún péré ni mo rí. Mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í ṣe lupus, mo ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọ̀gá mi yí i padà lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n kò ní àkókò láti ṣàlàyé ìdí.

Ìyá_Lúpù

Àbúrò, mo dúpẹ́ pé o sọ èyí ní gbangba, torí ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é tí wọn kì í sọ.

Òfin ọdún 2019 tí EULAR àti ACR, ẹgbẹ́ oníṣègùn làkúrègbé ti Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà, jọ gbé jáde ni o lò: ANA gbọ́dọ̀ tó 1:80 ó kéré tán kí èèyàn tó wọlé, lẹ́yìn náà ni a ó máa ka àmì, mẹ́wàá sì ni ẹnu ọ̀nà. Èèyàn tó ní àrùn kíndìnrín lupus ti class III tàbí IV, àwọn oríṣi tó le, ti ní mẹ́wàá lọ́wọ́ láti ibẹ̀ nìkan. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n nítorí ìwádìí ni wọ́n ṣe ṣe é: kí àwọn tí wọ́n kó jọ sínú iṣẹ́ kan lè jọra, kí èsì tí ẹnì kan rí níhìn-ín lè ṣeé fi wé ti ẹlòmíràn lọ́hùn-ún. Ètò ìkójọpọ̀ ni, kì í ṣe ètò àyẹ̀wò àìsàn. Obìnrin tó jókòó níwájú rẹ kò wá wọ ìwádìí. Àìsàn rẹ̀ lè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí àmì rẹ̀ sì jẹ́ márùn-ún lónìí, mẹ́rìnlá ní oṣù kẹrin. Ìtọ̀ rẹ̀ ńkọ́, ṣé o yẹ̀ ẹ́ wò? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ complement ńkọ́? Ti anti-dsDNA?

Ìdí tí mo fi ń sọ pé kí ìwádìí àti klíníìkì wà nínú orí kan náà nìyí. Ẹni tó ti lo òfin yìí láti kó èèyàn sínú ìwádìí mọ ohun tí wọ́n ṣe é fún, kò sì ní fi dá aláìsàn padà sílé. Ẹ pe obìnrin yẹn padà, ẹ má dúró de oṣù mẹ́fà.

Oríkèé_Tuntun

A ti pè é, Ìyá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń bọ̀, ìtọ̀ la ó kọ́kọ́ gbà.

Nọ́ọ̀sì_Ọwọ́Tútù

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin dókítà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní klíníìkì scleroderma, mo sì ti rí fellow tó pọ̀ tó wá tó lọ. Ohun mẹ́ta wà lọ́kàn mi.

Ẹ wá kọ́ bí a ṣe ń fún awọ pọ̀ láti mọ bó ṣe le tó. Ibi mẹ́tàdínlógún la máa ń fọwọ́ kàn, láti ìka dé ẹsẹ̀, a ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òdo sí mẹ́ta, 51 sì ni òpin rẹ̀. Ó rọrùn létí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí a bá kó fellow mẹ́ta síwájú aláìsàn kan, ọ̀kan á ní 14, èkejì á ní 23. Kí wá ni ìwádìí fẹ́ wọ̀n? Ọwọ́ ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe awọ. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kí nọ́ńbà yín tó dúró sójú kan.

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìkan. Ẹni tí awọ rẹ̀ ń le kíákíá, ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, pàápàá bí antibody RNA polymerase III bá wà lára rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ lè dàrú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, dókítà kan tó ń ṣàánú aláìsàn nítorí ìrora oríkèé rẹ̀ gbé prednisolone, sitẹ́rọ́ìdì kan, lọ sí 40 mg. Èèyàn rere ni, kò kàn tíì jókòó ní klíníìkì wa rí ni. Ohun tó lé ní 15 mg lójúmọ́ gan-an ti ń fa ewu yẹn sún mọ́ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Orí fífọ́ ni obìnrin náà bá wá. Ìfúnpá rẹ̀ tó máa ń jẹ́ 110 ti di 176. Ìgbà tí a tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn ìfúnpá captopril, tí a sì ń gbé e sókè lójoojúmọ́, ni kíndìnrín rẹ̀ fi rọra padà. Kí irú oògùn yìí tó dé, díẹ̀ ló máa ń là á já.

Èyí tó kẹ́yìn: ó ń rẹ àwọn aláìsàn wa. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni dókítà tuntun ń dé, tí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ọjọ́ tí ìka wọn kọ́kọ́ ń funfun. Mo gbọ́ tí bàbá kan sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi sọ fún eléyìí, ó ti rẹ̀ mí." Ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ yín.

Dókítà_Àdáwà

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Mo gba èyí tó kẹ́yìn yẹn. Mi ò tíì wò ó láti ojú aláìsàn.

Ọdún_Kẹrìnlá

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé aláìsàn lè dá sí i? Rheumatoid arthritis ti wà lára mi láti ọdún mẹ́rìnlá. Mo ti wọ ìwádìí méjì.

Mo fẹ́ràn àwọn dókítà mi, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, wọ́n á ka oríkèé mi, méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọwọ́, ọrùn ọwọ́, ìgúnpá, èjìká, orúnkún. Wọn kì í ka ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ gan-an ló ń dùn mí jù! Ọdún kan wà tí wọ́n sọ fún mi pé nọ́ńbà mi, èyí tó ń sọ bí àìsàn ṣe le tó, ti lọ sísàlẹ̀ 2.6, pé àìsàn ti sinmi, tí inú wọn sì dùn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tiro jáde. Kò sẹ́ni tó ní kí n bọ́ bàtà.

Àárẹ̀ náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe ti ẹni tó ṣiṣẹ́ púpọ̀ o. Ó dà bí ẹni pé wọ́n yọ nǹkan kan kúrò nínú èèyàn láti òwúrọ̀. Fún ọdún pípẹ́, mo rò pé ọ̀lẹ ni mí. Bí fellow kan bá ń wá ohun tó máa ṣèwádìí lé lórí, kó bi wá léèrè.

Olùkọ́_Àná

Ọ̀rẹ́ wa, ẹ káàbọ̀, ọ̀rọ̀ yín sì ní ìtàn nínú iṣẹ́ wa. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní OMERACT, láti 1992, tó ń pinnu ohun tó yẹ kí àwọn olùwádìí làkúrègbé máa wọ̀n. Fún ọdún mẹ́wàá, dókítà àti àwọn onímọ̀ nìkan ló ń jókòó síbẹ̀. Ní 2002 ni wọ́n pe àwọn aláìsàn wọlé láti bá wọn jókòó, àárẹ̀ tí ẹ sọ yìí sì ni àwọn aláìsàn gbé síwájú wọn pé a kì í wọ̀n. Lẹ́yìn náà ni àárẹ̀ wọ inú ohun tí ìwádìí rheumatoid arthritis ń wọ̀n. Àwọn ọlọ́gbọ́n ti wà nínú yàrá yẹn fún ọdún mẹ́wàá tí kò sẹ́ni tó rí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un fún Dókítà_Àdáwà, nítorí mo rí i pé ọkàn rẹ̀ ń rọ̀. Ìwádìí TICORA jáde ní 2004, ní Glasgow ni wọ́n ti ṣe é. Kò sí oògùn tuntun nínú rẹ̀. Wọ́n pín àádọ́fà aláìsàn sí méjì: apá kan ń gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, dókítà kan náà ń rí apá kejì lóṣooṣù, ó ń ka oríkèé wọn, ó ń ṣírò nọ́ńbà, ó sì ń yí oògùn padà bí nọ́ńbà kò bá sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjìdínlógún, àìsàn ti sinmi lára 65 nínú ọgọ́rùn-ún lápá kejì yìí, àti 16 nínú ọgọ́rùn-ún lápá àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n ṣèwádìí lé lórí ni bí a ṣe ń jókòó ní klíníìkì. Ẹni tó dá wà níbi kan lè ṣe irú rẹ̀.

Ìfojú_Inú

Mo kàn fẹ́ sọ ti ultrasound ní ṣókí, nítorí kò sẹ́ni tó tíì dáhùn lórí rẹ̀. Ṣe é díẹ̀ díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, má ṣe kó gbogbo rẹ̀ sí oṣù kan, nítorí ọwọ́ máa ń gbàgbé. Bí àgbàlagbà kan bá sì wá pẹ̀lú orí fífọ́ tuntun, tí àgbọ̀n rẹ̀ ń dùn ún bó bá ń jẹun, tí ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn, iṣan ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀ lè máa wú (giant cell arteritis): má ṣe jẹ́ kí wíwá òjìji dúdú tí ultrasound ń fi hàn yípo iṣan ẹ̀bátí dá sitẹ́rọ́ìdì dúró. Bẹ̀rẹ̀ oògùn kí o tó gbé ẹ̀rọ náà. Ojú tó bá fọ́ nípa bẹ́ẹ̀ kì í sábà là mọ́.

Ẹgbẹ́_Rẹ

Èmi náà wà ní ọdún kejì, ó ku oṣù díẹ̀ kí n parí. Klíníìkì àwọn aláboyún ni mo yàn. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀ pé ibẹ̀ ni ọkàn mi máa wà.

Ohun tó fà mí wọ inú ìwádìí ni pé àwọn obìnrin máa ń dé pẹ̀lú oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tí wọ́n sì ṣì ń lo mycophenolate, oògùn tó ń dín ìjà ara kù. Oògùn yẹn yẹ kó ti kúrò lára fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán kí oyún tó dé, nítorí ó lè pa ọmọ lára. Àwọn mìíràn sì ti fi ìbẹ̀rù dá hydroxychloroquine dúró fúnra wọn, ìyẹn tó yẹ kí wọ́n máa lò lọ. A ti jẹ́ kí èyí tó yẹ kó dúró máa lọ, a sì dá èyí tó yẹ kó máa lọ dúró! Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé: ṣé dókítà kankan bá ọ sọ̀rọ̀ oyún kí oyún tó dé? Ìbéèrè kan ṣoṣo. Gbogbo iṣẹ́ mi nìyẹn. Ìgbìmọ̀ ìlànà ìwà fọwọ́ sí i kíákíá, torí kò fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀, kò fẹ́ yí oògùn padà.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo pàdánù vasculitis. Mi ò mọ̀ ọ́n tó bí mo ṣe fẹ́. Mo ti bẹ ọ̀gá ibẹ̀ pé kó gbà mí láàyè ní oṣù méjì tó kẹ́yìn.

Oríkèé_Tuntun

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé. Mo lọ bá alábòójútó mi. Àyà mi ń já, ṣùgbọ́n mo ṣàlàyé ohun tí Oníṣirò_Ìlera sọ nípa oògùn àti ìdí tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní òun ti mọ̀ pé ìbéèrè náà tóbi jù fún ẹnì kan, pé òun rò pé mi ò ní fẹ́ èyí tó kéré. Ó gbà kí n fi í sílẹ̀.

Mo ti yan scleroderma. Ọjọ́ kan gbáko lọ́sẹ̀ ní klíníìkì wọn, títí ọdún á fi pé, àti ààbọ̀ ọjọ́ ní èyí tí àwọn oníṣègùn ẹ̀dọ̀fóró jọ ń ṣe, nítorí àwọn aláìsàn kan náà ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ kan tó kù jẹ́ ti ìwádìí. Dókítà_Àdáwà, mi ò gbàgbé yín: mo ti sọ fún yàrá omi oríkèé pé kí wọ́n máa pè mí ní gbogbo ìgbà tí omi bá dé, kí n wá wò ó fúnra mi.

Ìbéèrè mi rèé, ẹ wò ó: "Ṣé àwọn aláìsàn scleroderma wa ń ṣe àyẹ̀wò mímí ẹ̀dọ̀fóró tó bó ṣe yẹ?"

Oníṣirò_Ìlera

O ti ń bọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "tó bó ṣe yẹ" kò ṣeé kà. Àwọn aláìsàn wo: gbogbo wọn, àbí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Láti ọjọ́ wo ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù? Ẹni tó kú tàbí tó lọ sí ibòmíràn kí oṣù náà tó pé ńkọ́, níbo lo máa kọ ọ́ sí?

Oríkèé_Tuntun

"Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ wọ klíníìkì scleroderma wa láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mélòó ló ṣe àyẹ̀wò mímí ẹ̀dọ̀fóró àti àyẹ̀wò ọkàn láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, kí ló sì dá àwọn tó kù dúró?" Àwọn tó lọ tàbí tó kú, màá kọ ọjọ́ tí a rí wọn kẹ́yìn, màá kà wọ́n dé ibẹ̀.

Oníṣirò_Ìlera

Èyí ṣeé ṣe. Fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìlànà ìwà kí o tó ṣí fáìlì kankan.

Nọ́ọ̀sì_Ọwọ́Tútù

Ìdí tí àwọn kan kì í fi ṣe é, èmi mọ méjì nínú rẹ̀: ẹnu wọn kò là tó mọ́ láti di ẹnu ẹ̀rọ mímí yẹn mú, ìka wọn sì tutù débi pé ẹ̀rọ tó ń ka ọ́síjìn kò rí nǹkan kan kà. Kọ ọ́ mọ́ ìwé rẹ. Bí o bá dé, béèrè mi, a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka.